Wísíkì Tí Mo Rà Ń Rùn Bíi Dettol, Ṣé Ayédèrú Ni?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 32 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Bíà ni mo ti ń mu látìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì, mi ò sì kì í mu ju ìgò méjì lọ. Níbi iṣẹ́ tuntun tí mo wà yìí, àwọn ọ̀gá mi máa ń pè wá jáde lọ́jọ́ Friday, wísíkì ni gbogbo wọn máa ń mu, èmi nìkan ni mo máa ń gbé bíà dání bí ọmọdé. Nígbà tí mò ń bọ̀ láti ìrìnàjò lóṣù tó kọjá, mo ra single malt kan ní dúútì-fúríì èápọ́ọ̀tù, ọlọ́dún 10, owó ẹ̀ ò kéré rárá. Ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe ṣí i, òórùn Dettol ló jáde, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ọsibítù. Mo mu ún, ó jó mi lọ́fun, ó wá dà bíi pé mo lá eérú. Ìyàwó mi ní ayédèrú ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bẹ́ẹ̀ ni ọtí olówó ńlá ṣe máa ń rí, pé ẹnu mi ni ò tíì là. Ta ni kí n gbà gbọ́? Wísíkì wo gan-an ni kí n rà tí mi ò fi ní fowó ṣòfò mọ́?"

Àbúrò, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí nígbà tí mo kà á, má bínú. Mi ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o, ohun tó ṣe ẹ́ yìí ló ṣe èmi náà ní London ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní báà kan. Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ bu díẹ̀ fún mi nínú ìgò kan, mo gbé e mì, mo bi í pé ṣé wọ́n ti fi ọtí yìí nu egbò ẹnì kan tẹ́lẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò lẹ́yìn káńtà yẹn, látìgbà tí mo sì ti padà wálé, ọtí náà ni mò ń tà, ìbéèrè tó o béèrè yìí ni mo gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́kùnrin, àti lẹ́nu àwọn obìnrin náà, torí obìnrin tó ń mu wísíkì pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nípa ìjà tẹ́ ẹ̀ ń jà nílé yẹn, ìyàwó ẹ ṣì í, ọ̀rẹ́ ẹ náà ṣì í, ìwọ nìkan lo jàre: ohun tí imú ẹ gbọ́ yẹn, ó wà nínú ẹ̀ lóòótọ́.

Gbogbo àmì tó o sọ yẹn, erékùṣù Islay ló jọ pé ìgò náà ti wá, ní apá ìwọ̀ oòrùn Skọ́tlándì. Áílà ni wọ́n ń pè é lẹ́nu o, má lọ pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀gá ẹ. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á rẹ ọkà náà sómi títí á fi hù díẹ̀, bí àwọn ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe àgbàdo tí wọ́n bá fẹ́ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, torí tó bá ti hù ni nǹkan dídùn inú ẹ̀ máa tú jáde. Tó bá ti hù tó, wọ́n gbọ́dọ̀ yára fi ooru iná mú un gbẹ kó má lọ di ewéko. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí. Igi ò pọ̀ ní Islay, ohun tó pọ̀ níbẹ̀ ni ilẹ̀ àbàtà tí koríko àti ewé ti jẹrà sí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, peat ni wọ́n ń pè é, wọ́n á gé e bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a kó gbẹ, wọ́n á wá fi dáná. Èéfín ẹ̀ á wọnú ọkà yẹn lọ ráúráú, kò sì ní jáde mọ́ títí tó fi máa dé inú ìgò. Àwọn nǹkan kan wà nínú èéfín náà tó ń jẹ́ phenol, ìdílé kan náà ni wọ́n jẹ́ pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń ṣe Dettol àti Izal. Ìdí tí imú ẹ fi sáré lọ sí ọsibítù nìyẹn.

Tó bá yà ẹ́ lẹ́nu pé èèyàn lè fi owó gidi ra irú ẹ̀, ronú nípa ìrẹsì òwàm̀bẹ̀. Kí ló dé tí jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n fi igi sè lẹ́yìnkùlé fi máa ń dùn ju èyí tí wọ́n fi gáàsì sè nínú ilé lọ? Èéfín ni. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ, àsun, èéfín ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ ẹ́ dàgbà, tó o bá kọ́kọ́ gbé orí ẹja àrọ̀ gbígbẹ síwájú ẹ̀, á ní nǹkan ń jó. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ náà nìyẹn, orí ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún ẹ.

Ọ̀rẹ́ ẹ tó ní bẹ́ẹ̀ ni ọtí olówó ńlá ṣe ń rí, bi í pé ṣé ó ti mu Glenlivet rí? Macallan ńkọ́? Èyí tí kò ní èéfín tó bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wísíkì, àtolówó ńlá àti pọ́ọ́kú. Mo ní oníbàárà kan, bàbá àgbàlagbà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń mu wísíkì, tó o bá ṣí Laphroaig tàbí Ardbeg, àwọn ọtí Islay nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á gbé àga ẹ̀ kúrò ni. Ẹnu bàbá yẹn ti là dáadáa o, kò kàn fẹ́ èéfín ni.

Kí n tó dárúkọ ìgò kankan, jẹ́ ká mọ ohun tá à ń mu ná, torí ibi tá ò ti mọ̀ yìí ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ wa. Ẹbí kan náà ni wísíkì àti ògógóró. Àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ mọ bó ṣe ń lọ: wọ́n á gbé ẹmu ògùrọ̀ kaná nínú dúrọ́ọ̀mù, ooru ẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, ohun tó bá kán sódì kejì ni ògógóró. Fi ọtí ọkà rọ́pò ẹmu, fi ìkòkò bàbà rọ́pò dúrọ́ọ̀mù, wísíkì lò ń sè yẹn, ó sì mọ́ gaara bí omi nígbà tó bá ń kán. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ògógóró lè dọ́jà lọ́la, àmọ́ wísíkì gbọ́dọ̀ lọ sùn sínú àgbá igi. Òfin Skọ́tlándì ní ó kéré tán ọdún 3 nínú àgbá igi óòkù, lórí ilẹ̀ Skọ́tlándì gan-an, tí wọ́n bá sì máa rọ ọ́ sígò, agbára ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín sí 40%. Ọdún 3 náà ni Irẹ́lándì sọ. Àgbá yẹn ló ń fún un láwọ̀, òun ló ń fún un ní fanílà àti oyin àti gbogbo àdídùn tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn ìgò.

Ọ̀rọ̀ àgbá yìí máa ń dùn mọ́ mi. Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé ọtí tí wọ́n bá máa pè ní bourbon, 51% ó kéré tán nínú ọkà ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo, inú àgbá tuntun tí wọ́n ti fi iná jó nínú ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí. Tuntun o, nígbà gbogbo. Tí wọ́n bá ti lo àgbá náà lẹ́ẹ̀kan, kò ṣeé fi ṣe bourbon mọ́. Kí ni wọ́n wá ń fi ṣe? Wọ́n ń tà á fún àwọn ará Skọ́tlándì, bí wọ́n ṣe ń ta mọ́tò fún àwa. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wísíkì Skọ́tlándì tí à ń fi ṣe fáàrí káàkiri yìí, inú àgbá tòkunbọ̀ ló dàgbà sí.

Torí náà má fi àwọ̀ ra ọtí láé. Yàtọ̀ sí pé àgbá kan lè ta àwọ̀ jùkan lọ, òfin Skọ́tlándì tún gbà wọ́n láyè láti fi ṣúgà jíjó sí i kó lè pọ́n dáadáa. Èyí tó rí bíi tíì tí kò ta lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n èyí tó dúdú bíi kóòkì. Ọjọ́ orí náà ńkọ́? Nọ́ńbà tó wà lára ìgò, 12 tàbí 18, ọjọ́ orí èyí tó kéré jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n dà pọ̀ síbẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ọlọ́dún 20 ló kún inú ẹ̀, tí wọ́n wá fi ìkòkò kan ọlọ́dún 12 lé e, 12 ni wọ́n á kọ. Ohun tó sì jẹ́ kí ọlọ́dún púpọ̀ wọ́n ni pé àgbá ń mí, nǹkan bí 2% ń fò lọ nínú ẹ̀ lọ́dọọdún ní Skọ́tlándì níbi tí òtútù wà, ìpín àwọn áńgẹ́lì ni wọ́n ń pe ìyẹn, àwọn áńgẹ́lì yẹn á sì ti yó kẹ́ri láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tó gbé àgbá sílẹ̀ fún ọdún 18, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ ti lọ kó tó rọ ọ́ sígò, owó ohun tó fò lọ yẹn wà nínú ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ. Kò ní kó dùn mọ́ ẹ lẹ́nu ju ọlọ́dún 12 lọ. Òmíràn wà tó pẹ́ débi pé igi ló kù tí wàá máa tọ́ wò.

Tó bá sì ti wọ ìgò, ó ti tán nìyẹn, kò dàgbà mọ́. Àwọn bàbá wa tó gbé ìgò wísíkì sínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí ní pálọ̀ láti 1984, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tí wọ́n ò gbọ́dọ̀ fi jẹun, tí wọ́n ń sọ fún àlejò pé ó ti lé lógójì ọdún, ọlọ́dún 12 náà ló ṣì jẹ́. Tí ìdérí ẹ̀ ò bá tiẹ̀ ti jẹra.

Nǹkan kejì tó da àwọn èèyàn lórí rú ni single malt yìí. Wọ́n rò pé single túmọ̀ sí pé inú àgbá kan ṣoṣo ló ti wá. Rárá. Ó kàn túmọ̀ sí pé ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló ṣe é, ọkà báálì tí wọ́n rẹ tó hù nìkan ni wọ́n sì lò. Ọkà híhù yẹn gan-an ló ń jẹ́ mọ́ọ̀tì, òun náà ni mọ́ọ̀tì inú Maltina, kò sí awo níbẹ̀. Blended, ìyẹn èyí tí wọ́n pò pọ̀, single malt láti oríṣiríṣi ilé ìpọntí ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ ọtí ọkà mìíràn tó fúyẹ́. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ wísíkì ló máa ń fojú di blended, wọ́n á ní ti àwọn aláìmọ̀kan ni. Irọ́ ńlá. Ẹni tó ń pò ó, iṣẹ́ ẹ̀ le ju ti ẹni tó sè é lọ, torí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìgò ọdún yìí dùn bákan náà pẹ̀lú tèṣí. Wò ó bí ata ọbẹ̀: ẹni tó bá lọ ata rodo nìkan ò gbọ́n ju ẹni tó mọ ìwọ̀n tàtàṣé, tòmátò àti àlùbọ́sà tó máa fi sí i. Johnnie Walker tí gbogbo wa mọ̀, Kilmarnock ní Skọ́tlándì ni John Walker ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní 1820, ibi tí ó ti ń ta tíì àti ohun ìsebẹ̀, ọmọ ẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ ló wá sọ pípò ọtí di iṣẹ́ ńlá. Black Label ẹ̀, ọlọ́dún 12 ni, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa fi imú wò ó.

Ó dáa, wísíkì wo? Tó o bá ní kí n sọ̀rọ̀ bí oníṣòwò, mo máa ní kó o wá ra ìgò mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ ni pé má ra ìgò kankan ná. Ìgò odindi ni àṣìṣe ẹ àkọ́kọ́, Islay ni ìkejì. Lọ sí báà tó ṣeé fọkàn tán, ṣọ́ọ̀tì kan lóru kan ni kó o máa rà, kó o máa kọ ohun tó o gbọ́ lẹ́nu sínú fóònù ẹ, kì í ṣe ti wọ́n kọ sára ìgò o, tìrẹ. Ibi tí mo máa ń mú àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ ni Irẹ́lándì, Jameson gan-an, torí ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń sè é nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ̀pọ̀ ilé ìpọntí Skọ́tlándì ń sè tiwọn, ó máa ń fúyẹ́, kì í gbá èèyàn lọ́fun. Àwọn kan á ní kò ní ìtàn kankan lẹ́nu. Wọn ò parọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́, ojú títẹ́jú la ti ń kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, tọ́ bourbon wò. Àgbàdo inú ẹ̀ àti àgbá tuntun yẹn ló jẹ́ kó dùn, fanílà àti ṣúgà jíjó, ẹnu ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ràn nǹkan dídùn kì í pẹ́ mọ ọ́n. Maker's Mark rọ̀ díẹ̀ torí àlìkámà ni wọ́n fi kún àgbàdo ẹ̀ dípò ọkà ráì tó máa ń ta bí atalẹ̀. Jack Daniel's náà wà nítòsí ibẹ̀, ó ń gba inú èédú igi kọjá kó tó wọ àgbá. Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ẹ̀ tí mi ò lè fò: aláwọ̀ dúdú kan tó jẹ́ ẹrú nígbà náà, Nathan Green, tí wọ́n ń pè ní Nearest, ló kọ́ Jack Daniel níṣẹ́ sísè ọtí ní Tennessee, ó sì di 2016 kí ilé iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fáyé gbọ́ dáadáa. Nígbàkigbà tí oníbàárà bá béèrè Jack, mo máa ń dárúkọ bàbá yẹn fún un. Òmíràn á ní òun ò bi mí.

Tó o bá ti mu méjì yìí, tó o sì mọ èyí tó bá ẹnu ẹ mu, ìgbà yẹn ni kó o wá padà sí Skọ́tlándì, láti ẹnu ọ̀nà Speyside, agbègbè kan níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wísíkì ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní èéfín, kì í ṣe láti ojú fèrèsé Islay. Glenfiddich 12 àti Glenlivet 12 lèmi máa fún ẹ. Wọ́n á kọ ọ́ sára Glenfiddich pé pear wà lẹ́nu ẹ̀, má lọ máa wá píà tá à ń fi búrẹ́dì jẹ o, pear tiwọn ni, èso kan tó jọ ápù. Tó bá jẹ́ pé nǹkan tó dà bíi dàbínù àti èso gbígbẹ inú kéèkì Kérésì lo fẹ́, wá èyí tí wọ́n kọ ṣẹ́rì sí lára, ìyẹn ni pé àgbá tí wọ́n ti rọ wáìnì ṣẹ́rì ilẹ̀ Sípéènì sí ni wọ́n lò. Black Label ni mo fi máa ń ṣe afárá lọ sọ́dọ̀ èéfín, torí èéfín wà nínú ẹ̀ ní ìwọ̀nba, bí ìgbà tí aládùúgbò ń yan nǹkan, kì í ṣe pé ilé ẹ ló ń jó. Tó o bá gbádùn Black Label, ọ̀nà Islay ti ń là fún ẹ nìyẹn. Tó ò bá gbádùn ẹ̀, fi Islay sílẹ̀, ayé ẹ ò ní bàjẹ́.

Bó o ṣe ń mu ún náà tún dá kún un. O ní o mu ún, ó jó ẹ, mo lè búra pé o gbé e mì bí ògùn ibà ni. Bíà máa ń jẹ́ nǹkan bí 5%, èyí jẹ́ 40%, ahọ́n ẹ ò mọ ohun tó dé bá a. Bu díẹ̀ sí gíláàsì, má ti imú bọ inú ẹ̀ tààrà, ya ẹnu díẹ̀ kó o fi gbọ́ òórùn ẹ̀ látòkèèrè, kó o wá fi ètè kàn án, kó o jẹ́ kó yí ahọ́n ẹ ká kó tó lọ. Èyí àkọ́kọ́ máa jó ẹ náà, má dá a lóhùn, ẹ̀ẹ̀kejì lo máa tó gbọ́ nǹkan. Fi omi sí i, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní 2017 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Sweden fi kọ̀ǹpútà ṣàyẹ̀wò ẹ̀, wọ́n rí i pé tí omi bá wọ̀ ọ́, guaiacol, ọ̀kan lára àwọn nǹkan tó ń gbé òórùn èéfín, máa ń sún wá sójú ọtí, níbi tí imú ti lè bá a pàdé. Áìsì ń ṣe òdìkejì ìyẹn, ó ń mú òórùn sùn, àmọ́ nínú ooru Ìbàdàn lóṣù kẹta, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má fi áìsì sí i. Àwọn ará Japan tó gba iṣẹ́ yìí kanrí, omi sódà àti áìsì ni wọ́n máa ń bù lé tiwọn. Kóòkì náà ò burú, kàn má fi kóòkì ba ọlọ́dún 18 jẹ́, owó ló máa dùn ẹ́. Ohun tí mo máa bẹ̀ ẹ́ ni pé jẹun kó o tó mu ún, má sì jẹ súyà alátá mọ́ ọn tó o bá ṣì ń kọ́ ọ, torí ata àti ọtí líle máa ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, wàá rò pé ọtí ló burú.

Ìyàwó ẹ tó pariwo ayédèrú, mo ní ó ṣì í lórí ìgò yìí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ẹ̀ ò ṣòfò. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra páálí kan lọ́wọ́ ọlọ́jà kan l'Ékòó, owó ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó yẹ kíyẹn ti ta mí lólobó. Nígbà tí mo délé, ìgò méjì nínú mẹ́fà, ọtí inú wọn ò dọ́gba. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ìgò òfìfo tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì níbi òwàm̀bẹ̀, àwọn kan ń ṣà á, wọ́n ń tà á, wọ́n á rọ nǹkan mìíràn sínú ẹ̀, wọ́n á fi ìdérí tuntun dé e. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ya lébẹ́ẹ̀lì ara ìgò kí n tó jù ú nù, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Tó o bá ń rà á, wo ìdérí ẹ̀ bóyá ẹnì kan ti yí i rí, wo nọ́ńbà NAFDAC, wo bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ bóyá lẹ́tà kan sọnù. Ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n ń kó wá sọ́dọ̀ wa máa ń ní ike kan lẹ́nu pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kékeré nínú, kò ní jẹ́ kéèyàn lè rọ nǹkan padà sínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé irú ìgò yẹn lo mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá dé láìsí ike yẹn, fi í sílẹ̀ fún wọn. Èyí tí wọ́n ní kéèyàn máa mì, kó máa wo bí ìfófòó ṣe ń pẹ́ sí, mi ò gbára lé e.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin 2015. Àwọn èèyàn ṣàdédé ń ní orí fífọ́, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń dákú, ó lé ní èèyàn 15 tó kú. Wọ́n kọ́kọ́ ní òrìṣà ló ń bínú, wọ́n ní oògùn apakòkò ni, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n rí i pé methanol ló wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Ọtí burúkú kan ni, tó jọ ọtí gidi lójú, lórùn, lẹ́nu. Èmi tí mo ti lò tó ogún ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, tó o bá bù ú fún mi, ahọ́n mi ò lè dá a mọ̀, kò sẹ́ni tí ahọ́n ẹ̀ lè dá a mọ̀, ẹni tó bá ní òun lè mọ̀ ọ́n ń tan ara ẹ̀ ni. Tó bá di ọjọ́ kejì tí èèyàn mu ọtí tí ojú ẹ̀ ń ṣú tàbí tó ń rí nǹkan bíi kùrukùru, ẹ má rò pé hangover ni, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ọtí ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ, tí mo rò pé òun gan-an ló gbé ẹ débí. Kò sí òfin tó ní o gbọ́dọ̀ mu wísíkì kí wọ́n tó fún ẹ ní ìgbéga. Àmọ́ tó bá wù ẹ́ láti bá wọn mu, ṣọ́ọ̀tì kan, omi ìdajì, áìsì méjì, kó o gbé e dání fún wákàtí kan ààbọ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ìmọ̀ràn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn ará ibẹ̀ ni pé kéèyàn má kọjá ìwọ̀n 14 lọ́sẹ̀, ṣọ́ọ̀tì mílílítà 25 sì ni ìwọ̀n kan, ìgò 70cl kan wá jẹ́ 28. Ìyẹn ni pé ìgò tí ọkùnrin mẹ́rin máa ń parí lálẹ́ Friday níbí, ìdajì ohun tó yẹ kí ẹnì kan mu lọ́sẹ̀ ni kálukú wọn mu níjokòó kan, kì í sì í ṣe pé ìgò kan ni wọ́n máa ń ṣí. Àwọn tó ń bù ú ní báà tiwa kì í sì í lo òṣùwọ̀n, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, torí náà ṣọ́ọ̀tì kan lè jẹ́ méjì. Má wa mọ́tò. Tó o bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, tàbí ọgbẹ́ inú ń yọ ẹ́ lẹ́nu, dókítà ni kó o bi, kì í ṣe èmi, ọtí ni mò ń tà.

Ìgò Islay tó wà nílé yẹn, má dà á nù, má sì fi í ṣe ẹ̀bùn fún bàbá ìyàwó ẹ. Dé e pa dáadáa, gbé e dúró, má fi í lélẹ̀ bíi wáìnì torí ọtí líle máa ń jẹ ìdérí ẹ̀, kó o sì gbé e kúrò nínú oòrùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tó o bá ti mu Jameson àti bourbon àti Black Label, bu síbí ìpo-tíì kan nínú ẹ̀, fi omi ìlọ́po ẹ̀ lé e, kó o tún tọ́ ọ wò, ó dáa tó bá jẹ́ pé ẹja yíyan lo ń jẹ mọ́ ọn. Tó bá ṣì ń rùn bíi Dettol sí ẹ nígbà náà, gbé e wá sọ́dọ̀ mi, màá fi Glenlivet gbà á lọ́wọ́ ẹ, mo ti mọ oníbàárà tí mo máa gbé e fún.